Nọ́ńbà Kékeré tí ó Wà Lójú Disjoncteur

Lójú ẹ̀rọ kékeré tí ń gé iná nínú ilé, èyí tí gbogbo ènìyàn ní Benin ń pè ní disjoncteur, nọ́ńbà méjì wà tí ó ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ lọ. Ọ̀kan tóbi díẹ̀, lẹ́tà kan sì ṣáájú rẹ̀: C16, C20, C32. Èkejì kéré, inú àpótí igun mẹ́rin tín-ín-rín ni wọ́n kọ ọ́ sí: 3000, 4500, 6000 tàbí 10000. Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti ka nọ́ńbà dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lè ka méjèèjì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá lọ ra disjoncteur. Nọ́ńbà kejì ni ó ń sọ bóyá ẹ̀rọ náà yóò gba ilé là, tàbí yóò bá ilé jóná.

Akpro-Missérété kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ẹkùn Ouémé ni ó wà, ọ̀nà márùn-ún ni ó sì pín sí: Akpro-Missérété fúnra rẹ̀, Gomè-Sota, Katagon, Vakon àti Zodogbomey. Ẹni tí kò bá rí ilẹ̀ rà mọ́ ní Àjàṣẹ́ lè wá kọ́ ilé síbẹ̀. Bí ilé ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àìní iná ń pọ̀ sí i. Ilé kan lè wà ní ẹ̀gbẹ́ transformateur tí SBEE gbé sí etí títì. Òmíràn lè wà nínú ọ̀nà ẹsẹ̀ tí òpó iná kò tíì dé, kí onílé náà sì fa okùn láti ara compteur aládùúgbò rẹ̀, láti orí igi kan sí orí igi kejì, títí tí yóò fi dé ilé tirẹ̀. Àwọn ará Benin ti sọ irú okùn bẹ́ẹ̀ lórúkọ: toile d'araignée, ìyẹn òwú aláǹtakùn. Ewu tí ó wà nínú ilé àkọ́kọ́ kì í ṣe irú èyí tí ó wà nínú ilé kejì. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí onílé méjèèjì ti ra disjoncteur kan náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí á mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí okùn iná méjì bá fi ara kan ara. Ní ọjọ́ gbogbo, iná máa ń gba inú àtùpà, abẹ̀bẹ̀ oníná tàbí tẹlifíṣọ̀n kọjá kí ó tó padà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń dá a dúró tí kò fi lè sáré. Àtùpà márùn-ún, abẹ̀bẹ̀ kan àti tẹlifíṣọ̀n kan lápapọ̀ kì í sábà gbà ju ampère méjì lọ. Ampère ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí iná ti ń ṣàn tó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi lítà wọn epo. Ṣùgbọ́n bí eku bá jẹ rọ́bà ara okùn, tàbí bí ìṣó bá gún okùn nínú ògiri, tí okùn méjèèjì sì kan ara wọn ní ìhòòhò, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró mọ́. Yóò ya wá bí àgbàrá. Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Disjoncteur ni onílé fi ń sọ pé òun kò gbà.

A lè mọ bí àgbàrá iná yìí yóò ti pọ̀ tó kí ó tó dé. Iye tí a lè retí yẹn ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní courant de court-circuit présumé ní èdè Faransé. Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí kékeré: bí transformateur ti tóbi tó, bí okùn ti nípọn tó, àti bí okùn ti gùn tó. Transformateur oní-160 kVA lè fún àdúgbò ní nǹkan bí ampère 231 láìsí wàhálà. Lára pátákó irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn, a máa ń rí i kọ pé Ucc 4%. Nọ́ńbà 4 yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìṣirò náà. Bí a bá pín 100 sí ọ̀nà 4, a ó rí 25. Ìyẹn ni pé bí okùn bá pàdé ní ẹnu transformateur náà gan-an, ohun tí yóò tú jáde jẹ́ ìlọ́po 25 ohun tí ó ń fúnni lójoojúmọ́. Ìlọ́po 25 ampère 231 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5800. Ní ti transformateur oní-630 kVA, ampère 909 ni ti ojoojúmọ́. Àgbàrá tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22700.

Àwọn kan rò pé nítorí okùn ńlá oní-330000 volt tí ó so Ikeja West ní Nàìjíríà mọ́ Sakété láti 2007 ni iná ẹkùn yìí ṣe lágbára. Okùn náà mú iná wá ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ti àgbàrá tí ó lè wọ ilé, transformateur àdúgbò ni ẹnu ọ̀nà tóóró. Bí òkun tilẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, ohun tí ihò ògiri bá gbà ni yóò kọjá.

Ká ní obìnrin kan ní ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, mítà 20 sí transformateur, tí okùn aluminium oní-35 mm² sì gbé iná wá fún un ní fáàsì mẹ́ta. Nígbà tí transformateur bá jẹ́ ti 160 kVA, àgbàrá iná ní ẹnu àpótí iná rẹ̀ súnmọ́ ampère 4600. Disjoncteur tí a kọ 6000 sí tó o. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé pọ̀ sí i, iná kò tó mọ́, wọ́n sì gbé transformateur oní-630 kVA wá dípò ti àtijọ́. Inú gbogbo àdúgbò dùn, nítorí pé àtùpà kò ṣẹ́jú mọ́. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan àpótí iná obìnrin náà, ṣùgbọ́n àgbàrá tí ó lè wọ ibẹ̀ ti di nǹkan bí ampère 10000. Disjoncteur tí ó tó lánàá kò tó mọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò yí padà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ro. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí oníṣòwò sọ pé disjoncteur kan dára láìbéèrè ibi tí a fẹ́ lọ fi í sí.

Ohun tí ó wà nínú disjoncteur kò ṣòro láti mọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Bí iná tí ń kọjá bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, irin náà a gbóná, a tẹ̀, a sì mú kí ẹ̀rọ já. Èyí máa ń pẹ́ díẹ̀, ó sì dára kí ó pẹ́, torí pé ẹ̀rọ ìfamisókè a máa gba iná púpọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ó bá ń dìde. Okùn kan tí a ká wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àgbàrá bá dé, okùn tí a ká náà a di òòfà, a sì fa ẹnu ẹ̀rọ yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1924 ni ilé iṣẹ́ Hugo Stotz ní ìlú Mannheim, ní Jámánì, mú irú ẹ̀rọ kékeré tí ó ní méjèèjì yìí jáde. Ṣáájú ìgbà náà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yọ́ ni àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ṣì wà nínú àwọn ilé àtijọ́ kan, àwọn mìíràn sì ti fi okùn tí ó nípọn rọ́pò rẹ̀ kí ó má bàa yọ́ mọ́, èyí tí ó dà bí ẹni tí ó so ẹnu ajá rẹ̀ kí olè lè rí ọ̀nà wọlé.

Ṣùgbọ́n pé ẹnu irin méjì yà kò tíì túmọ̀ sí pé iná ti kú. Iná yóò fò láti ẹnu kan sí èkejì bí mọ̀nàmọ́ná inú òjò, yóò sì gbóná dé ibi tí ó lè yọ́ irin. Àwọn pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín wà nínú ẹ̀rọ náà tí ń gé mọ̀nàmọ́ná kékeré yìí sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi kú. Ibí yìí ni nọ́ńbà inú àpótí igun mẹ́rin ti wúlò. 6000 túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán irú ẹ̀rọ náà wò, ó sì lè pa àgbàrá tí kò ju ampère 6000 lọ. Bí 10000 bá dé bá a, ẹnu irin méjèèjì lè lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí iná sì máa ṣàn lọ bí ẹni pé kò sí disjoncteur níbẹ̀. Tàbí kí àpótí rẹ̀ fọ́ yángá lójú ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó dúró níbẹ̀ ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà sókè padà láìwádìí ohun tí ó mú un já.

Ewu kejì kì í pariwo. Ìparí òwú aláǹtakùn ni ó wà. Ká ní onílé kan ní Katagon fa okùn bàbà oní-2.5 mm² láti ara compteur ẹlòmíràn, fún mítà 200. Iná ní láti lọ, ó sì ní láti bọ̀, nítorí náà mítà 400 ni ìrìn rẹ̀. Okùn tí ó gùn tí ó sì tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ń dá iná dúró. Ohm ni òṣùwọ̀n ìdádúró náà. Mítà 1000 okùn oní-2.5 mm² jẹ́ nǹkan bí ohm 7.4, mítà 400 yóò jẹ́ ohm 2.96. Bí a bá wá fi 2.96 pín 220, tí í ṣe volt iná ilé, a ó rí 74. Àgbàrá tí ó lè dé ìparí okùn náà kò lè ju ampère 74 lọ.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò yọ̀ pé àgbàrá kékeré ni. Kò yẹ kí ó yọ̀. Lẹ́tà C túmọ̀ sí pé òòfà inú ẹ̀rọ kò ní fà á yà àfi bí iná bá dé ìlọ́po 5 sí 10 nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e. Bí disjoncteur tí ó wà ní ìdí okùn náà bá jẹ́ C32, iná gbọ́dọ̀ dé ibì kan láàárín ampère 160 àti 320 kí ó tó lè já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lójú C32, ampère 74 kò yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹnì kan bá tan ẹ̀rọ ńlá. Yóò dúró de irin pẹlẹbẹ kí ó gbóná. Ìdúró náà lè tó ìṣẹ́jú kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, rọ́bà ara okùn oní-2.5 mm² lè ti máa yọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí òrùlé, lára igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí a sá. Iná yóò ti mú ilé kan, tí àtùpà ilé tí compteur wà yóò ṣì máa tàn.

Nínú gbogbo àṣà tí ó yí disjoncteur ká, èyí tí ó burú jù ni kí á yọ C16 kúrò kí á fi C32 rọ́pò rẹ̀ nítorí pé C16 ń já lemọ́lemọ́. Disjoncteur tí ń já ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi èyí tí ó tóbi rọ́pò rẹ̀ kò wo àrùn sàn. Ó kàn pa ẹni tí ń ké ni. Lórí okùn oní-2.5 mm², ìlànà Faransé tí àwọn oníṣẹ́ iná ń kọ́ kò gbà ju ampère 20 lọ fún ihò iná ilé. Ní ti okùn gígùn ti Katagon yẹn, C20 gan-an kò ní já kíákíá, nítorí pé 100 sí 200 ni òun ń retí. B10 ni yóò ṣe é, torí pé lẹ́tà B ń retí ìlọ́po 3 sí 5 péré, ìyẹn ampère 30 sí 50, 74 sì ju èyí lọ. Ọ̀nà mìíràn ni kí á fa okùn oní-10 mm²: ìdádúró rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ohm 0.73, àgbàrá yóò di 300, C16 yóò sì já lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n owó mítà 400 irú okùn bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì sàn kí onílé fi í tọ́jú owó compteur tirẹ̀.

Ìṣirò orí ìwé dára, ṣùgbọ́n orí ìwé kọ́ ni ilé wà. Nínú ilé gidi, a máa ń rí okùn tí wọ́n fi ọwọ́ lọ́ mọ́ra tí wọ́n sì fi rọ́bà wé, a máa ń rí irin tí ó ti dípẹtà, a sì máa ń rí okùn tí a pè ní 2.5 tí kò tó 2.5. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí á wọn àgbàrá náà. Ẹ̀rọ ìwọ̀n wà fún un tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan okùn, yóò fa iná díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, yóò wo bí volt ti dín kù tó, yóò sì fi ìyẹn ṣírò àgbàrá tí ó lè wá bí okùn bá pàdé, láìjẹ́ pé okùn pàdé rárá. Ìdáhùn a hàn lójú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà Icc tàbí Ik, ó sì sábà máa ń jẹ́ kA, ìyẹn ẹgbẹ̀rún ampère: 1.2 kA jẹ́ ampère 1200, 0.07 kA jẹ́ ampère 70. Àmì kékeré tí ó wà láàárín nọ́ńbà yẹn kò yẹ kí ó bọ́ lójú ẹni tí ń kà á.

Ibi méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n. Àkọ́kọ́ ni ẹnu àpótí iná, níbi tí okùn SBEE ti wọlé, torí pé ibẹ̀ ni àgbàrá pọ̀ jù sí. Nọ́ńbà inú àpótí igun mẹ́rin lójú disjoncteur kò gbọ́dọ̀ kéré sí èyí tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Bí iná bá wọlé ní fáàsì mẹ́ta tí wọ́n sì wọn ẹyọ fáàsì kan, ohun tí wọ́n rí ni a máa ń sọ di ìlọ́po méjì kí á má bàa ṣì í mú. Èkejì ni ihò iná tí ó jìnnà jù lọ nínú ilé, torí pé ibẹ̀ ni àgbàrá kéré jù sí. Èyí tí wọ́n bá rí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 10 lọ fún disjoncteur C, tàbí ìlọ́po 5 fún B. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti onílé. Iná wà lára okùn nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ṣe é. Ti onílé ni kí ó béèrè, kí ó wo ojú ẹ̀rọ, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Ohun kan wà tí nọ́ńbà méjèèjì yìí kò kàn. Bí iná bá gba ara ènìyàn kọjá lọ sí ilẹ̀, ohun tí ó lè pa á kéré ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ampère lọ, C16 kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Disjoncteur tí a kọ différentiel 30 mA sí ni ó wà fún èyí, pẹ̀lú irin tí a rì mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ìjọba Benin dá àjọ Contrelec sílẹ̀ láti máa yẹ iná inú ilé wò, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀wò ọjọ́ tí ilé wà ní tuntun kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí transformateur bá yí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ó tọ́ kí ìwé kan dé ọwọ́ gbogbo onílé àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nítòsí ní ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, kí ìwé náà sọ kVA tuntun, kí ó sì rọ̀ wọ́n láti tún wọn àgbàrá wọn. Ìwé tí a kọ ní èdè Faransé nìkan kò tó ní Akpro-Missérété, níbi tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ìlọgbàdo lè jẹ́ ẹni tí ó kọ́ ìwé kíkà ní èdè Gun tàbí ní èdè Yorùbá.

Àwọn oníṣẹ́ iná yóò sọ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n náà wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kò ní ju ẹ̀mú àti àtùpà ìdánwò lọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò ní láti jẹ́ ti ẹnì kan. Ọ̀nà márùn-ún ni Akpro-Missérété pín sí. Ẹ̀rọ márùn-ún, tí mairie rà tí àwọn oníṣẹ́ iná sì ń yá lò pẹ̀lú owó díẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀, yóò tó gbogbo ìlú. Owó náà kò tó ti ilé kan tí ó jó. Àwọn tí wọ́n ń ta epo kpayo nínú ilé ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn tiwọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, epo ni ó jó ní Sèmè-Kraké, nínú ẹkùn Ouémé yìí kan náà, ó sì pa ju ènìyàn 30 lọ. Ẹni tí ó kó àgbá kpayo sábẹ́ àpótí iná rẹ̀ kò ní ìṣẹ́jú kan tí yóò fi dúró de C32.

Ní ti rírà, bí nọ́ńbà inú àpótí igun mẹ́rin kò bá sí lójú disjoncteur rárá, kí oníbàárà dá a padà fún oníṣòwò, bó ti wù kí ó pọ́n tó. Ní ti ilé, ìwé pélébé kan tó, kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn àpótí iná. Ìlà àkọ́kọ́: ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti orúkọ ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ìlà kejì: ampère tí wọ́n rí ní ẹnu àpótí. Ìlà kẹta: ampère tí wọ́n rí ní ihò iná tí ó jìnnà jù. Kí á fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá tún gbé transformateur mìíràn wá.